Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ fún Àbẹ̀ní Kí Wọ́n Tó Yẹ Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Wò

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Agége kì í ṣe èrò, kì í ṣe ariwo ẹ̀rọ. Omi ni. Wọ́n ń tà á. Nílé wa létí ọ̀sà, lẹ́bàá Àjàṣẹ́ ní òdì kejì ibodè, omi ló ń wá wa wálé. Bí òjò bá ti le, a ó gbé ẹní sórí pẹpẹ, a ó máa wò ó bó ṣe ń wọlé bí ẹbí tí kò sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Ní Agége, mẹ́ruwà ló ń fi ọmọlanke ti omi kiri nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo bi obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, Ìyá Síkírù, aránṣọ, pé ṣé oògùn wà nínú omi náà ni tí wọ́n fi ń sanwó lé e lórí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ìyá Kútọnú, gbogbo ilé sì ń bá a pè mí bẹ́ẹ̀. Mi ò gbé Kútọnú rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ará Kútọnú ni lójú wọn, mi ò sì rí ìdí tí màá fi bá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jà.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Àbẹ̀ní nígbà yẹn. Ọmọ ọmọ mi ni. Rọpárọsẹ̀ ló mú un nígbà tó ń kọ́ ìrìn. Ó gba ẹsẹ̀ òsì pátápátá, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ti ọ̀tún. Ìyá rẹ̀, ọmọ tí mo bí, ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ilé ọkọ náà sì ní àwọn ò lè gba ọmọ tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé Agége, ló máa ń wá ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ wa. Òun la wá wá. A rí àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n ní ó ti lọ sí òkè ọya, àwọn náà ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣe dáadáa sí wa níwọ̀nba: wọ́n bá ọmọ gba ìwé ìbí, wọ́n kọ orúkọ ìdílé wọn sí i, wọ́n sì sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ ni wọ́n fún wa, wọn ò fún wa ní yàrá.

Mi ò padà sílé. Gbogbo abúlé ni mo ti sọ fún pé mò ń mú ọmọ lọ bá bàbá rẹ̀. Ojú ń tì mí láti mú un padà.

Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ni mo ti rí iṣẹ́, lápá Ìkejà níbi tí àwọn iléeṣẹ́ pọ̀ sí. Abọ́, korobá, ife. Bí abọ́ bá jáde nínú ẹ̀rọ, etí rẹ̀ máa ń rí jágajàga, àwa la máa ń fi ọ̀bẹ gé e kó lè dán. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù. Àràárọ̀ la máa ń tò sẹ́nu géètì, ọ̀gá kan á jáde, á wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, á wá máa nawọ́: ìwọ, ìwọ, ìwọ. Kì í béèrè orúkọ. Bí o bá wúkọ́, ojú rẹ̀ á fò ọ́ dá. Obìnrin kan wà láàárín wa tó fi ọ̀já di oyún oṣù mẹ́fà pamọ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ gé orí ìka àárín mi. Wọ́n fi òwú dì í, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Bí mo bá jókòó sílé, kí la fẹ́ jẹ? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wé ọ̀rá mọ́ ìka náà, mo fi ọwọ́ yẹn sábẹ́ ìborùn, mo fi ọwọ́ kejì gbé àpò tí ọ̀gá ní ká gbé, mo tún bá a ṣàwàdà pé ó ti ń sanra. Ó nawọ́ sí mi. Ẹ̀jẹ̀ ń ro sínú ọ̀rá ní gbogbo ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo wá fi kọ́ ọmọ. Nílé, bí ara ẹnì kan ò bá yá, iwájú ilé la máa ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i, kó sì kí i. Àìsàn la fi ń mọ iye ẹni tí a ní. Ní ìlú onílùú, o ò tíì ní ẹnì kan. Ara tó ń dùn ọ́, ìwọ nìkan ni kó mọ̀ ọ́n. Mo pè é ní ọgbọ́n. Ó sì kúkú bọ́ wa fún ọdún púpọ̀, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ìyá ilé ìwé tí mo mú Àbẹ̀ní lọ bá ní kò sí àyè fún ọmọ tí kò lè dúró nígbà tí wọ́n bá ń kọrin àárọ̀. Kò fi ìkà sọ ọ́. Mo ní kó jẹ́ ká padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi àti ọmọ á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kọ́ ọ kó máa fi ìbàdí gbé ẹsẹ̀ òsì, kó jù ú síwájú bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà ló fúnra rẹ̀ lọ, kó wá fi gbogbo ara dúró lórí ọ̀tún, kó sì rẹ́rìn-ín. Mo ń ka ení, mo ń ka èjì. Ní ogún ó ṣubú. Ní ogójì ó ṣubú. Lọ́jọ́ tó dúró dé ọgọ́rùn-ún, òógùn ti lẹ aṣọ mọ́ ọn lára, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ní kó ṣe. Wọ́n gbà á sílé ìwé. Mo ra odidi búrẹ́dì gbígbóná kan, a sì jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń yan án.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo máa ń pe àbúrò mi, Ṣìfáwù, tó ṣì ń gbé etí omi. Mo sọ fún un pé ọ́fíìsì ni mo wà ní iléeṣẹ́ náà, pé abẹ́ fáànù ni mò ń jókòó sí. Ó ní kí n rọra kí òtútù má mú mi. Mo ní mò ń rọra. Bí ọ̀rọ̀ wa bá fẹ́ parí, mo máa ń ní kó gbé fóònù síta díẹ̀. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń wá. Omi ni mo fẹ́ gbọ́, bó ṣe ń lu ìdí ọkọ̀.

Mo lọ sílé lẹ́ẹ̀kan, lọ sìnkú. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé mi, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Èkó. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé Agége tí mo gbọ́ “Ìyá Kútọnú, ẹ káàbọ̀” lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó sórí ẹrù mi, mo ń rò ó pé níbo gan-an ni wọ́n ti ń fi orúkọ mi pè mí.

Nígbà tí Àbẹ̀ní fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Ìyá Síkírù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò ṣeé lò fún un, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló ń lò. Etí aṣọ tó bá ká, o ò ní rí ojú òwú níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni kóòṣì ti rí i. Ọkùnrin náà ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara jọ fún eré ìdárayá. Ó gbé aṣọ wọn wá fún rírán, ó wá ń wo èjìká ọmọ tó ti fi ọ̀pá méjì rìn fún ọdún mẹ́wàá. Ó bi í bóyá ẹ̀rù omi ń bà á. Àbẹ̀ní wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Kí a tó kúrò nílé, inú ọkọ̀ ló ti ń bá mi lọ sọ́jà. Mo gbẹ́ àjẹ̀ kékeré kan fún un, òun náà á máa fi tukọ̀ níwájú. Lórí omi, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹsẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo tẹ̀ lé wọn. A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége, a sọ̀ níbi tó parí sí, a dé etí ọ̀sà. Mo bu omi díẹ̀ fọjú, mo ṣe bí ẹni pé oorun ló ń kùn mí. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà, àjẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ ní orí méjèèjì. Mo bi kóòṣì bóyá ẹni tó gbẹ́ ẹ kò tíì pinnu apá ibi tó fẹ́ fi sómi ni. Ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ mi dá mi lóhùn. Ẹni méjì ti ṣubú sómi kí ọkọ̀ wọn tó gbéra. Tèmi jókòó bí ẹni tó jókòó sórí ẹní. Ó gbé apá, ọkọ̀ sì lọ.

Lọ́dún kejì, ó gba ipò kìíní ní gbogbo Nàìjíríà. Lọ́dún kẹta, ó tún gbà á. Rédíò pe orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìdílé Ìjẹ̀bú tí wọ́n fún un yẹn. Àwọn tó ń pè é ní arọ nínú ilé wa wá ń pè é ní ọmọ wa. Lándílọ́ọ̀dù gbé mínírà wá. Ìyá Síkírù so mẹ́dàlì kan kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé abẹ́rẹ́ òun ló jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ náà yá. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n pè é sí ìdíje gbogbo ayé, lókè òkun. Kóòṣì wá bá wa nílé, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní wọn kì í da gbogbo aláàbọ̀ ara pọ̀ níbẹ̀. Àwọn dókítà á kọ́kọ́ yẹ olúkúlùkù wò. Ẹni tó jẹ́ apá nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kò lè ṣe nǹkan púpọ̀, ó wà ní ẹgbẹ́ àárín. Ẹgbẹ́ kẹta ni ti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lágbára. Àwọn yẹn ló yá jù, nítorí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti pátákó inú ọkọ̀ bí apá wọn ti ń tukọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ àárín ni ti Àbẹ̀ní, ibẹ̀ ló sì ti lè gba mẹ́dàlì. Mo ní mo ti gbọ́.

Mi ò gbọ́. Ohun tó wọ etí mi ni pé èèyàn á tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan á sì máa wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, Àbẹ̀ní pè mí lórí fóònù láti òkè òkun. Ohùn rẹ̀ kéré.

“Ìyá àgbà, wọ́n ní wọ́n á ní kí n fi ẹsẹ̀ ti nǹkan.”

Mo ní, “Ṣé o rántí ọjọ́ ilé ìwé? Bí o ṣe ṣe é lọ́jọ́ yẹn ni kí o ṣe é. Má jẹ́ kí wọ́n rí ibi tó kù sí. Bí wọ́n bá ní kí o tì í, tì í títí yóò fi lọ.”

Ó ní, “Kóòṣì ní kí n ṣe bí mo ṣe wà.”

Mo ní, “Kóòṣì ò dúró lẹ́nu géètì rí.”

Ó ní òun ti gbọ́, mà.

Wọ́n fi í sí ẹgbẹ́ kẹta. A wo eré náà nínú fóònù Ìyá Síkírù, gbogbo ilé rọ́ gììrì mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mo mọ ọkọ̀, mo ti rí i kí wọ́n tó dé ìdajì. Gbogbo ara àwọn yòókù ló ń bá ọkọ̀ lọ, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé èjìká. Apá nìkan ni tèmi ń lò. Ó wà á, ó wà á, apá náà ò dúró rárá. Òun ló gbẹ́yìn gbogbo wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti sọ lẹ́bàá ọmọlanke olómi pé kí ni ọmọ Kútọnú yẹn wá lọ ṣe níbẹ̀ pàápàá.

Ṣìfáwù pè mí láti béèrè bí eré ṣe lọ. Mo ní mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo pa fóònù.

Nígbà tí wọ́n dé, kóòṣì wá sílé. Mò ń gé ilá. Ó ní òun ò lóye rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ tí òun mọ̀ pé kì í gbéra, Àbẹ̀ní gbé e níwájú dókítà, ó fi ìbàdí jù ú, ó tì í, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun ò sí nínú yàrá náà, lẹ́yìn tó parí ni wọ́n fi ìwé han òun. Bó ṣe yára tó lọ́jọ́ yẹn, ká ní ẹgbẹ́ àárín ló wà, ipò kejì ni ì bá gbà. Ó wá kọjú sí ọmọ.

“Ta lo fẹ́ ṣe akọ fún?”

Àbẹ̀ní wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà.”

Kò sọ pé èmi ni. Kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó bò mí láṣìírí bí mo ṣe kọ́ ọ kó máa bo ara rẹ̀. Èmi náà, mo jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, mo ń gé ilá lọ. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, bóyá ọ̀nà ṣì wà. Kóòṣì bínú lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó máa tún gbé ẹni tó máa gbẹ́yìn kọjá òkun.

Fún oṣù mélòó kan, Àbẹ̀ní kò lọ sí etí omi mọ́. Ó ń ká etí aṣọ. Kò bá mi jà, kò fajú ro. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi lálẹ́, láàárín méjèèjì kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tó yá, kóòṣì tún gbé aṣọ ẹgbẹ́ wá sọ́dọ̀ Ìyá Síkírù. Ọmọbìnrin kan bá a wá, ọmọ etí òkun, tó ń fi ọ̀pá rìn bíi ti Àbẹ̀ní. Òun ni wọ́n fẹ́ fi sí ẹgbẹ́ àárín. Ìyá Síkírù ò sí nílé. Àbẹ̀ní ló mú téèpù, ó wọn èjìká ọmọ náà, ó wọn apá rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kó nawọ́ dáadáa, kí aṣọ má baà há a nígbà tó bá ń tukọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i bó ṣe ń wọn ọmọ náà.

Mo ní, “Kóòṣì, èmi ni. Èmi ni mo ní kó ti ẹsẹ̀ náà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, lórí fóònù.”

Ó wò mí pẹ́. Ó bi Àbẹ̀ní bóyá òótọ́ ni. Àbẹ̀ní ń wé téèpù mọ́ ìka.

“Mi ò rántí, sà,” ló wí.

Kóòṣì kò bú mi. Ó ní kí a lọ gba ìwé wá lọ́wọ́ dókítà, bóyá wọ́n á gbà láti tún un wò. A lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkejà. Dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan, ní kí Àbẹ̀ní dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì náà sókè, ó ní kó tú ara sílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó tún ní kó tú ara sílẹ̀. Ìbàdí ti dì í mú, ẹrẹ̀kẹ́ ọmọ náà le, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní, “Àǹtí, mi ò lè kọ ohun tí mi ò rí.” Mo dìde, mo di orí ọmọ mi mú.

Mo ní, “Àbẹ̀ní, jẹ́ kó bọ́.”

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ dókítà, ó bọ́ bí aṣọ tútù. Àbẹ̀ní yíjú sí ògiri. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń bá a gbé yàrá kan, mi ò rí ẹsẹ̀ yẹn bó ṣe rí gan-an láti ìgbà tí mo ti kọ́ ọ ní ìdúró.

Ìwé lọ. A ń retí. Mo ń gbàdúrà lórí ohun tó jẹ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́, ojú ń tì mí níwájú Ọlọ́run pàápàá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kóòṣì pè mí. Ó ní àwọn òyìnbó ti gbà: bí Àbẹ̀ní bá wá, wọ́n á tún un wò. Mo ti fẹ́ dúpẹ́. Ó ní kí n dúró. Ó ní àwọn tó ń yan èèyàn nílé níbí ti pa ìwé dé, ọmọ etí òkun yẹn ni wọ́n mú. Ó ti bẹ̀ wọ́n fún ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ò tún lè mú ẹni tó ti tan dókítà jẹ lẹ́ẹ̀kan, yálà ọdún yìí tàbí ọdún mìíràn.

Ohun tí wọ́n pè é nìyẹn. Wọ́n ní ó tan dókítà jẹ.

Mo wọ yàrá. Àbẹ̀ní jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò dín in. Ó fi òwú náà bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ní kò burú, mà. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni mi ò lè gbà. Mo di bẹ́ẹ̀dì mú, mo sọ orúnkún méjèèjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó forí jì mí.

Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tó bá gbà kí àgbà kúnlẹ̀ fún òun, a gbà pé ó ti ra ègún. Ẹ̀rù bà á. Ó ní, “Ẹ dìde, Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?” Ó na ọwọ́ láti gbé mi, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Kò mú ọ̀pá. Ó jẹ́ kí ara òun yọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ sílẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí orí òun má baà ga ju tèmi lọ. Ó dì mọ́ mi. A sunkún níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì pé kó dákẹ́.

Nígbà tí ẹkún tán, mo gbìyànjú láti dìde. Orúnkún kọ̀. Àbẹ̀ní fa bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì ń tẹ̀ lé e bọ̀. Mo tì í, òun náà tì mí, a tún jókòó. Ìyá Síkírù ti gbọ́ gbì yẹn, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ó ní, “Ìyá Kútọnú, kí lẹ̀yin méjèèjì ń wá nílẹ̀ níbẹ̀?”

Mo ti la ẹnu láti sọ pé abẹ́rẹ́ ló bọ́. Àbẹ̀ní ló kọ́kọ́ dáhùn.

“A ò lè dìde, mà,” ló wí. “Ẹ wá gbé wa.”